Ewì Ni Ìwé Ìtàn Òkè-Ògùn

Bí àlejò kan bá ní kí n fi ìwé ìtàn tó pẹ́ jù lọ ní Òkè-Ògùn han òun, n kò ní mú un lọ sí ilé ìkàwé. Màá ní kó jí ní àárọ̀ kùtùkùtù, kó wá jókòó sí ibi tí ọmọ ti ń kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà rẹ̀. Oríkì ni ìyá àgbà máa fi dá ọmọ náà lóhùn. Wọ́n á pe orúkọ ọmọ, wọ́n á pe ti bàbá rẹ̀, wọ́n á dé orí ìlú tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ogun tó lé wọn kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn mọ̀, ohun tí wọn kì í jẹ. Gbogbo rẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọmọ náà á dìde, á gbé ìgbálẹ̀, á máa bá iṣẹ́ ilé lọ, kò sì ní mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìtàn ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà tán.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí, ọmọ ọdún 16, ìdílé ahunṣọ ni wọ́n sì bí mi sí. Ní ilé wa, ẹni tó bá fẹ́ hun aṣọ òkè gbọ́dọ̀ ta òwú kó tó jókòó sídìí òfì. Báyìí ni mo ṣe rí ọ̀rọ̀ ewì. Àwọn ènìyàn máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ ni, bí iṣẹ́ ọnà tí a fi kún etí aṣọ lẹ́yìn tí a hun aṣọ tán. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, òun gan-an ni òwú tí a ta. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń fi gègé kọ ohunkóhun sílẹ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn yìí, ewì ni a fi pa ìtàn mọ́. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí ewì wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára, mo rò pé ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Ìgbòho, nítorí ọ̀rọ̀ náà hàn níbẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Tápà ṣígun bá Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin Onígbogí sì sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Òfinràn ọmọ rẹ̀ ló kó àwọn ènìyàn bọ̀ wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, Ṣakí ló sì kú sí. Ẹ̀gúnojú ló tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Ìgbòho. Àwọn Aláàfin wà níbẹ̀ ọba lẹ́yìn ọba, títí Abípa fi kó ààfin padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Igbó Ọba tí wọ́n sin àwọn Aláàfin sí ṣì wà ní Ìgbòho.

Ta ló kọ gbogbo èyí sílẹ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀? Kò sẹ́nì kan. Àwọn arọ́kin ló fi ẹnu gbé e. Arọ́kin ni onítàn ààfin Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ ìdílé ni, bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson, pásítọ̀ ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, pinnu láti kọ ìtàn Yorùbá, ọ̀dọ̀ wọn ló gbà lọ. Ó parí ìwé náà ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì sọnù sí wọn lọ́wọ́ lọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, 1921 ni ìwé tó jáde. Ẹ̀rín máa ń pa mí tí mo bá rántí rẹ̀. Ohun tí arọ́kin fi orí gbé fún nǹkan bí 300 ọdún kò sọnù. Èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé, ọdún mélòó kan péré ló fi dàwátì.

Ọ̀kan nínú àwọn Aláàfin Ìgbòho ni Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀. Johnson kọ ọ́ pé jagunjagun ọlọ́gbọ́n ni, pé ó máa ń ní kí àwọn ẹlẹ́ṣin tó wà lẹ́yìn wọ́ ewé ńláńlá nílẹ̀ kí ojú ẹsẹ̀ ọmọ ogun lè pa rẹ́. Kò sọ pé obìnrin ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí òpìtàn kan tó ń jẹ́ Robert Smith ṣe ìwádìí lórí ìgbà Ìgbòho, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965, ohun tí wọ́n sọ fún un ní Ìgbòho ni pé obìnrin ni Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀. Ìwé wí tirẹ̀, ẹnu wí tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ wa sọ èyí ní kíláàsì, ariwo sọ gèè. Àwọn ọmọkùnrin ní irọ́ ni, pé obìnrin wo ló máa kó ẹlẹ́ṣin lọ sógun. Àwa ọmọbìnrin ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Agogo lù, a ò jáde. N kò rí i kí ẹ̀kọ́ ìtàn rí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹnu kò ṣeé gbára lé, pé ohun tí ènìyàn mẹ́wàá bá fi ẹnu gbé á di nǹkan mìíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kọkànlá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn baba wa náà mọ̀, wọ́n sì ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀. Adébóyè Babalọlá, ọmọ Ìpetumodù tí wọ́n bí ní 1926, ló kọ ìwé ńlá lórí ìjálá, The Content and Form of Yoruba Ijala, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Oxford ní 1966. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ohun tó ṣàlàyé ni bí àwọn oníjàálá ṣe ń yẹ ara wọn wò. Tí ọ̀kan bá ń sun ìjálá níbi àpèjẹ, tó ń kì ìdílé kan tàbí ẹranko kan, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ó ti ṣì í, onítọ̀hún á dìde láàrin agbo, á fi ohùn ìjálá bẹ́nu lù ú pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́kun náà kò ní dákẹ́. Á fi ìjálá dáhùn, á ní bí òun ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá òun nìyẹn. Gbogbo agbo á máa gbọ́. Ẹ wo ohun tí olùkọ́ ìtàn ń pè ní yíyẹ ẹ̀rí wò! Ọdẹ ń ṣe é nídìí ẹmu, wọ́n sì ń fi ohùn dídùn ṣe é.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà tún yẹ kí àwọn olùkọ́ wa gbọ́. Ọmọ iṣẹ́ á máa tẹ̀lé ọ̀gá kiri òde, á máa tẹ́tí sílẹ̀, á máa sín ọ̀gá jẹ, títí ohùn tirẹ̀ á fi là. Kò sẹ́ni tó máa jókòó tì í pé kó ka iye àwítúnwí tó wà nínú ìjálá kí ó tó gbọ́ ìjálá náà.

Àwa ń kọ́ ọ? Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Olùkọ́ á wọlé, á kọ àkọ́lé ewì sí ojú pátákó. Lábẹ́ rẹ̀: àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn, àwítúnwí, ìfọ̀rọ̀dárà. A ó dà á kọ. Ẹni tó bá sáré kọ á ti parí kí ẹnikẹ́ni tó pe ìlà kan nínú ewì náà jáde lẹ́nu. Àwọn ọnà èdè yìí dára, mo mọ̀ wọ́n, màá sì dáhùn wọn ní ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè wa ní fún iṣẹ́ yìí: a ń sun ìjálá, a ń sun rárà, a ń kì oríkì, a ń ké ewì, a ń pe ọfọ̀. Kò sí “kà” nínú wọn. Kíkà nìkan sì ni ilé-ẹ̀kọ́ ń kà á.

Kì í ṣe ẹjọ́ olùkọ́ òde òní nìkan. Bí ewì ṣe dé inú ìwé ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì ní ire nínú. Ní Ìbàdàn, Dẹ́nrelé Ọbasá, tó ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn The Yoruba News, tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927. Ìkejì tẹ̀lé e ní 1934, ìkẹta ní 1945. Ó kó ọ̀rọ̀ àgbà jọ, ó sì fi tirẹ̀ kún un. J. F. Ọdúnjọ, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ tíṣà, ló ṣe ìwé Aláwìíyé fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ewì inú rẹ̀ sì ni bàbá mi ṣì máa ń ké tí wọ́n bá rí i pé mo sùn pẹ́. Wọn kò rántí ẹ̀kọ́ ìṣirò kankan láti ìgbà náà, àwọn gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ewì yẹn kò kúrò lórí wọn. Lẹ́yìn náà ni rédíò àti tẹlifíṣọ̀n dé. Wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn ní 1959, Adébáyọ̀ Fálétí ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ohùn àwọn akéwì bíi Ọláńrewájú Adépọ̀jù àti Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ sì wọ ilé tí ìwé kò lè wọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń gbé rédíò lọ sóko nítorí wọn. Mo rò pé ohun tí rédíò mọ̀ tí kíláàsì gbàgbé ni pé ewì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dún.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹkún ìyàwó, nítorí ọ̀dọ̀ tiwa ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ló pọ̀ sí, obìnrin ló sì ni ín.

Nígbà àtijọ́, tí ọmọbìnrin bá fẹ́ lọ sílé ọkọ, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé àwọn àgbà ilé, á máa sunkún ní ohùn rárà. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó tọ́ ọ, á kì bàbá rẹ̀, á tọrọ ìre, á sọ ìbẹ̀rù rẹ̀ nípa ilé tí kò mọ̀ rí. Ọjọ́ náà nìkan ni ọmọdébìnrin lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lójú àwọn àgbà, tí wọ́n á sì gbọ́ ọ dópin. Ìyá àgbà mi sun ún. Mo bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn, wọ́n ní kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, pé àwọn kàn ń tẹ̀ lé àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń relé ọkọ ni, láti kékeré. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ sun ún fún mi kí n gbà á sórí fóònù. Wọ́n kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. “Àbẹ̀kẹ́, èwo nínú wa ló ń relé ọkọ?” Nígbà tó yá, wọ́n fi gèlè wé orí bí ẹni tó ń lọ sóde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

Nínú ẹkún yẹn ni mo ti gbọ́ orúkọ abúlé kan tí ẹnikẹ́ni kò dá rí ní ilé wa. Bàbá mi tó wà ní yàrá jáde síta. Wọn kò mọ̀ ọ́n rí. Abúlé tí bàbá ìyá àgbà ti ń dáko ni, ó ti di igbó. Kò sí nínú ìwé kankan, kò sí nínú máàpù tí mo wò. Ibi kan péré ló kù sí ní ayé yìí, inú ẹkún tí ọmọdébìnrin kan sun ní ọjọ́ tó ń fi ilé sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín, wọ́n dákẹ́. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ó tì, pé ibi tí ọ̀rẹ́ àwọn máa ń gbè ni ó kàn, ọ̀rẹ́ náà ló mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó mú wọn wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ náà ti kú. Ohun tó wà lórí fóònù mi kò ju ìdajì lọ.

Tí ìgbéyàwó bá wà ní àdúgbò wa báyìí, alága ìjókòó àti alága ìdúró ni ń kọrin, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, owó sì ń bọ́ sílẹ̀. N kò bá wọn jà. Ìyàwó kàn jókòó ni, kò sọ nǹkan kan.

Àwọn òpìtàn ti mọ ohun tó wà nínú irú nǹkan báyìí tipẹ́. Ní 1974, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní Africa láti fi hàn pé oríkì Yorùbá jẹ́ ohun tí òpìtàn lè lò. Oríkì kì í ka ọdún, kì í tò ó pé èyí ṣáájú, èyí tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ó ń sọ irú ènìyàn tí ẹnì kan jẹ́, kì í sì í ṣe ìyìn nìkan: àpá ojú, gbèsè, ojo, gbogbo rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gíní, òpìtàn Djibril Tamsir Niane jókòó ti akígbe kan tó ń jẹ́ Mamadou Kouyaté, ó sì kọ ìtàn Sundiata, ọba tó dá ìjọba Màlì sílẹ̀, láti ẹnu rẹ̀. 1960 ni ìwé náà jáde, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sì ń kà á títí di òní. Ẹ tún wo ọ̀tẹ̀ Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò ní 1916, nígbà tí àwọn ará ìlú méjèèjì dìde sí bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣàkóso wọn. Àwọn aláṣẹ tó wá pa ọ̀tẹ̀ náà ló kọ ìròyìn tó wà nínú fáìlì ìjọba. Òpìtàn J. A. Atanda ti kọ̀wé lé e lórí. Àmọ́ ohun tí àwọn ìyá ní ọjà sọ lọ́dún náà, orin tí wọ́n fi sọ ọ́, tí kò bá sí lẹ́nu ẹnì kan ní ìlú yìí, kò sí níbi kankan.

Olùkọ́ Yorùbá wa kò ka ìwé púpọ̀ ju àwọn olùkọ́ mìíràn lọ o. Ohun tí wọ́n ṣe ní sáà kejì ni pé wọ́n ní kí olúkúlùkù lọ gba oríkì orílẹ̀ rẹ̀ wá láti ilé, kó má kọ ọ́, kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lórí. Ọmọkùnrin méjì nínú wa ló jẹ́ ọmọ Oníkòyí, ọ̀kan ní Ìṣẹ́yìn, bàbá èkejì ti Ṣakí wá. Ìkòyí àtijọ́ jẹ́ ìlú ńlá lábẹ́ Ọ̀yọ́-Ilé kí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó tú u ká, ìdí nìyí tí ọmọ Oníkòyí fi wà káàkiri. Àwọn méjèèjì dìde, oríkì wọn kò bára mu. Èyí ń sọ pé tòun ló tọ̀nà, ìyẹn ní irọ́. Olùkọ́ wa kò dájọ́. Wọ́n béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ta lo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ta ni onítọ̀hún náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?” Ọmọ Ṣakí ní ìyá bàbá òun ni, tí àwọn náà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọkọ wọn. Ọmọ Ìṣẹ́yìn wo ilẹ̀ títí, ó wá jẹ́wọ́ pé orí fóònù lòun ti gbọ́ tòun, nínú àwo orin kan. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá pẹ̀lú ti bàbá àgbà rẹ̀, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì yàtọ̀ sí ti ọmọ Ṣakí ní ibi méjì péré. Ibi méjì yẹn ni a fi gbogbo àsìkò ẹ̀kọ́ jà lé lórí. Ìgbà tí a wá dé orí àwítúnwí àti àfiwé, kò sẹ́ni tó ń sùn, nítorí ọ̀rọ̀ ara wa la fi ń wá wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ní ká kọ ewì tiwa. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Tèmi nípa bàbá mi nídìí òfì dára díẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kò fẹ́ kọ̀ǹpútà, kò fẹ́ iná mànàmáná, fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ ti tó. Ohun tó fẹ́ ni olùkọ́ tó gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ lè mú nǹkan wá láti ilé tí òun kò mọ̀.

Àwọn òbí kan kò fẹ́ ẹ, n kò sì fẹ́ fò ó. Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ fi ń jẹun. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí mo lọ rí, ẹni tó bá sọ fánákúlà máa san owó ìtanràn, Yorùbá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì mú ẹlòmíràn níbi tó ti ń sọ ọ́ ni wọ́n máa ń yìn. Ọmọ tó ti kọ́ láti ìgbà yẹn pé èdè ìyá òun jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, báwo ló ṣe máa dìde ké ewì ní SS2? Àwọn tó rò pé Yorùbá ń dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, kí wọ́n béèrè nípa ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin wọn. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn òbí mìíràn ní nǹkan òrìṣà ni. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan kò jẹ́ kó gba oríkì wá nítorí pé orúkọ Ògún wà nínú rẹ̀. Mo gbọ́ wọn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ jù ní ìlú wa, èmi náà ń lọ sí ilé kéú. Ṣùgbọ́n pásítọ̀ ni Johnson tó jókòó ti arọ́kin. Mùsùlùmí oníwàásù ni Ọláńrewájú Adépọ̀jù nígbà ayé rẹ̀, ewì ló sì fi wàásù. Kíkọ́ ohun tí baba ẹni sọ kò sọ pé kí a forí balẹ̀ fún ohun tí baba ẹni forí balẹ̀ fún. Ọ̀rẹ́ mi wá gba ti ìdílé ìyá rẹ̀ dípò, ìyá rẹ̀ fúnra wọn ló kọ́ ọ, wọ́n sì ń ṣe é lọ́nà tó fi hàn pé ó dùn mọ́ wọn.

A tún ní ohun kan ní Ìṣẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ìlú tó tóbi jù wá lọ kò ní. Ní 2010, Dókítà Wálé Òkédìran, ọmọ ìlú wa, oníṣègùn àti òǹkọ̀wé, dá ilé kan sílẹ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé lè wá gbé fún ìgbà díẹ̀ láti kọ̀wé ní ìdákẹ́jẹ́. Ó fi orúkọ òkè wa pè é, Ẹ̀bẹ̀dì. Àwọn òǹkọ̀wé ti wá síbẹ̀ láti ìpínlẹ̀ àti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, ara iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìṣẹ́yìn bí a ṣe ń kọ̀wé. Ẹ rò ó wò: akéwì alààyè tó jókòó níwájú rẹ, tí o lè bi í pé kí ló dé tó fi gé ìlà síbí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé gbogbo akéwì ti kú. Ohun kan ṣoṣo ni màá fẹ́ fi kún un. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń kọ̀wé, ó dára bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n pe ọdẹ kan wá jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan, kó sun ìjálá, kí òǹkọ̀wé àlejò náà ké tirẹ̀, kí àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wà láàrin. Mo mọ ọdẹ tó máa gbà. Obì àti owó ọkọ̀ ló máa béèrè.

Ní ti Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀, a kò tíì parí ìjà náà. Ọmọ Ìgbòho kan wà ní kíláàsì wa tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí a gba ìsinmi, olùkọ́ wa pè é sẹ́yìn, wọ́n ní kó bi àwọn àgbà ilé wọn bí wọ́n ṣe ń kì í, kó tẹ́tí sí ohun tí oríkì náà pè é: ọkọ ni, tàbí ìyá. Wọ́n ní kó má gbàgbé láti béèrè ẹni tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti lọ láti ọjọ́ Satidé. A ń retí rẹ̀.